Ìgò Bọ́tìnnì àti Káàdì Méjì

"Ẹ bá mi ka igba bọ́tìnnì," ni ọkùnrin náà wí. "Àwọ̀ yòówù kó jẹ́, mo gbà."

Télọ̀ náà dá maṣíìnì dúró. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń ránṣọ, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹni tó ra bọ́tìnnì tí kò bìkítà àwọ̀ rí.

"Igba?" ló bi í. "Ṣé erin lẹ fẹ́ dá ẹ̀wù fún ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, awò kékeré kan sì so kọ́ ọrùn rẹ̀ bíi tàwọn tó ń tún agogo ọwọ́ ṣe. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkángun òpópónà náà. Fẹ̀sọ̀ ni wọ́n ti ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé agogo wá tó sì ń kánjú nìyẹn: "Ẹ fẹ̀sọ̀."

"Kì í ṣe fún ẹ̀wù," ó ní. "Káàdì la fẹ́ fi ta. Pókà ni wọ́n ń pe eré náà. Èmi àti àwọn mẹ́ta kan ni, lọ́sàn-án Sátidé, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Owó ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ o. Bọ́tìnnì la fi ń ta á. Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ kan."

 Nínú ilé télọ̀ náà, wọn kì í dárúkọ káàdì. Ó yẹ kó sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọmọbìnrin yìí fún yín: kò mọ rárá í sọ. Ẹni tó gbé aṣọ mẹ́ta wá tó ní òun fẹ́ ẹ lọ́la, "Ó ti yá!" Ẹni tó ní kó bá òun gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò lọ́fẹ̀ẹ́, "Ó ti yá!" Ẹnu rẹ̀ ti máa ń gbà kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ó-Ti-Yá. Ìdí nìyẹn náà tí aṣọ fi ga láti ilẹ̀ kan àjà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ẹ̀yìn sì ń ro ó bí arúgbó.

"Ó ti yá," ló sọ.

Ká má parọ́, ẹ̀rín ọkùnrin náà wà lára ohun tó fà á.

Nígbà tí Sátidé pé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ ra òwú.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ò gbà ju èèyàn mẹ́fà lọ. Agogo mẹ́sàn-án ló wà lára ògiri, kò sì sí méjì tó sọ àkókò kan náà. Wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí tábìlì. Àwọn tó jókòó yí i ká ni ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́, àti onígbàjámọ̀ àdúgbò, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Káàdì méjì ni màá pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan," ni Fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Lẹ́yìn náà màá ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì, gbogbo wa la ni ín. Ẹni tó bá rí márùn-ún tó lágbára jù kó jọ, nínú tọwọ́ rẹ̀ àti tàárín, òun ló jẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣí ẹyọ kan, ẹ máa kọ́kọ́ wo méjì tó wà lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ máa fi bọ́tìnnì lé e, àbí ẹ máa jù ú sílẹ̀?"

Jíjù bíi ti báwo? Ó-Ti-Yá ò ju ọ̀kankan. Wọ́n fún un ní mẹ́ta àti mẹ́sàn-án, ó ta á. Wọ́n fún un ní sójà, èyí tí wọ́n kọ J sí lára, àti méjì, ó ta á, ó ní ojú sójà náà wu òun. Kí omi tó hó lórí sítóòfù, ogójì bọ́tìnnì tí wọ́n kà fún un ti tán pátápátá.

Onígbàjámọ̀ kó wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń kọrin. "Ẹ máa mú un wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ o! Télọ̀ wa dára!"

"Kí ló dé tó o fi ta gbogbo rẹ̀, ọmọ mi?" ni tíṣà bi í.

"Ṣebí ohun tí wọ́n fún mi nìyẹn, Mà?"

Fẹ̀sọ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ya páálí kan, ó mú bíro, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà wínníwínní, bẹ́ẹ̀ ló ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́. Káàdì ìbejì, ìyẹn méjì tó jọra, ta á, pàápàá láti mẹ́wàá lọ sókè. Éèsì, èyí tí wọ́n kọ A sí lára, tó bá bá ọba tàbí ayaba rìn, ta á. Ọba pẹ̀lú ayaba, ta á. Ìyókù, jù ú.

"Ìyókù kẹ̀? Ìyókù ló pọ̀ jù!"

"Ẹ ti mọ gbogbo ẹ̀ nìyẹn," ni Fẹ̀sọ̀ dáhùn. "Tí wọ́n bá pín in fún yín lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí ẹ bá ta á lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń rò pé tóun bá jù ú, òun ti fìdí rẹmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jíjù náà wà lára eré."

"Tí mo bá ti wá jù ú, kí ni kí n máa ṣe?"

"Ẹ máa wo àwọn yòókù." Ó fi ìka kan orí tábìlì. "Kí ẹ sì wo ibi tí ẹ jókòó sí. Sójà àti mẹ́wàá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ jù ú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn, ẹ lè ta á. Káàdì náà ò yí padà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó kẹ́yìn ti gbọ́ tẹnu gbogbo èèyàn."

"Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n," ni tíṣà fi gbè é.

Bẹ́ẹ̀ ló di pé òwú ń tán nílé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó-Ti-Yá fi páálí náà sínú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan gbé kóòtù mẹ́rin wá, ó ní òun fẹ́ kó dín gbogbo rẹ̀ kù kó tó di ọ̀la. Ó-Ti-Yá wo kóòtù, ó wo ọkùnrin náà, ó sì mí kanlẹ̀. "Rárá, sà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀gbẹ́ni náà bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Ara rẹ̀ yá! Kò tíì yá tó báyẹn rí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù láago márùn-ún lọ́jọ́ náà, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, Fẹ̀sọ̀ sì ń dúró dè é níwájú ilẹ̀kùn láti sìn ín dé kọ́nà.

Ó di àṣà. Fẹ̀sọ̀ á tú maṣíìnì rẹ̀ palẹ̀, á kán òróró agogo síbi tó bá ń han. Ó-Ti-Yá náà á rán bọ́tìnnì tó já lára ẹ̀wù Fẹ̀sọ̀ padà. Wọ́n á jọ máa fi onígbàjámọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, ní ìrọ̀lẹ́ kan, Fẹ̀sọ̀ dúró lójijì.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan," ó ní, ó sì ń nu awò ọrùn rẹ̀ títí ọkọ̀ méjì fi kọjá.

"Ẹ sọ ọ́ kílẹ̀ tó ṣú o."

"Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń dúró de káàdì tó dára. Èyí tó bá wá, màá ní kò tíì tó, màá jù ú. Ọjọ́ tí o bi mí bóyá erin ni mo fẹ́ dá ẹ̀wù fún, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ń dá rẹ́rìn-ín títí mo fi sọ irin agogo oníbàárà nù." Ó gbójú sókè. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò fẹ́ ju èyí."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu Ó-Ti-Yá ò sáré. Ó dúró, ó rò ó, ìdùnnú kún un láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí.

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín," ló wí. "Mo sì rò ó dáadáa kí n tó sọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti di "o" láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò lè dùn kó máà níbi tó ti máa kan. Bàbá Ó-Ti-Yá, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, èèyàn dáadáa ni, àfi tó bá rí káàdì. Owó ni wọ́n fi ń ta á níbi tirẹ̀, kì í sì í ju ọ̀kankan sílẹ̀, ó ní ọkùnrin kì í sá. Níkẹyìn ló fi maṣíìnì ìyàwó rẹ̀ ta á. Ọmọ ọdún méje ni Ó-Ti-Yá nígbà náà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ìyá rẹ̀ fi fọwọ́ ránṣọ kó tó rí òmíràn rà, ibẹ̀ lojú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó wá búra: ẹni tó bá ń fọwọ́ kan káàdì kò ní mu omi nínú ilé òun láéláé.

Onígbàjámọ̀ ló tú àṣírí, kò sì ní i lọ́kàn láti ṣebi. Ẹ̀gbọ́n Ó-Ti-Yá ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ iná, ló jókòó sábẹ́ abẹ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín ti di ọ̀gá nínú káàdì o! Ọjọ́ Sátidé, ó fi ìbejì ayaba jẹ mí débi pé n kò ní bọ́tìnnì kan mọ́. Òun àti Fẹ̀sọ̀ ẹ̀, wọ́n bára wọn mu!"

Ìdajì irun orí rẹ̀ ni wọ́n tíì gé. Ẹ̀gbọ́n já aṣọ ọrùn sílẹ̀, ó di ilé.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni ìyá bi Ó-Ti-Yá.

Ká ní ó fẹ̀sọ̀ ni! Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, ẹnu tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yá. "Òótọ́ ni! Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá sì fẹ́ ẹ, bẹ́ ẹ fẹ́, bẹ́ ẹ kọ̀!"

Ẹyin lohùn. Ó balẹ̀, ó fọ́.  Ìyá dìde, ó ń tọ ògiri lọ títí ó fi wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì gbé ìgò kan wá fún Ó-Ti-Yá. Gbogbo bọ́tìnnì Fẹ̀sọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé: "Ẹ̀gbọ́n rẹ wá bá mi. Káàdì tí kò lágbára, jíjù ni. Má bínú, ayọ̀ mi."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sunkún. Lẹ́yìn náà, inú bí i, ìbínú náà ló sì gbé e dé ìkángun òpópónà, tòun ti ìgò lọ́wọ́.

"Ta ni káàdì tí kò lágbára? Èmi?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Fẹ̀sọ̀ fò dìde. "Èmi ni. Wò mí. Ṣọ́ọ̀bù àháyà, irun tó ń funfun, káàdì lọ́wọ́. Kí ni màá gbé síwájú ìyá rẹ? Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa ya ọmọ nípá lára ìyá rẹ̀."

"O kọ́ mi pé kí n máa wo ibi tí mo jókòó sí. Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí! Ìyá mi ò tíì sọ̀rọ̀, èmi ò tíì sọ̀rọ̀, o ti jù ú. Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n, Fẹ̀sọ̀. Ẹ̀rù ni."

Fẹ̀sọ̀ bọ́ awò ọrùn rẹ̀ sórí tábìlì. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti pe ìpàdé sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú," Ó-Ti-Yá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Wá jókòó tì mí. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn."

"Ìwọ? Ṣé wàá lè pa ẹnu mọ́?"

"Màá gbìyànjú."

"Ọlọ́run á ràn ẹ́ lọ́wọ́, olólùfẹ́ mi," ni Fẹ̀sọ̀ wí, àwọn méjèèjì sì fi omijé rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n dé fìlà nítorí ìdajì irun tó kù. Ó ti búra pé òun ò ní dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ yẹn mọ́. Àbúrò bàbá wọn obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó-Ti-Yá àti Fẹ̀sọ̀ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, Ó-Ti-Yá gbé ìgò bọ́tìnnì lé itan.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ahọ́n Ó-Ti-Yá ń yún un, ó di ìgò mú. Àbúrò bàbá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní àìsàn káàdì tó pa ẹ̀gbọ́n òun ló tún fẹ́ wọlé yìí. Ó-Ti-Yá tún di ìgò mú. Wọ́n bi Fẹ̀sọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ó ń ta káàdì. "Òótọ́ ni," ó ní. "N kò fi owó ta á rí, n kò sì ní fi ta á."

Gbogbo ojú yí sí Ó-Ti-Yá. Ó mi orí pé kò tíì kàn òun. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́, irú ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í jẹ́ kó wọ ilé náà tẹ́lẹ̀.

Inú ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ni ìyá ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ rò pé nítorí maṣíìnì ni. Maṣíìnì ṣeé rà. Ọjọ́ Ẹtì ni bàbá wọn ti fi í ta á. Ó wọlé, ó bá mi jẹun, ó ń bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wò mí lójú tí kò sọ fún mi. Lọ́jọ́ Ajé, mo ti òde dé, mo bá ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin maṣíìnì nílẹ̀, ibi tí eruku ò dé." Ó yíjú síbi tí ọmọ rẹ̀ wà. "Ìwọ náà, Sátidé lórí Sátidé, o ní ò ń lọ ra òwú. Oṣù márùn-ún. Ojú mi ló ń ṣú, orí mi ò dà rú. Mi ò rí òwú kankan."

 Ká ní Ó-Ti-Yá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni, á ti gbèjà káàdì láti ọ̀sán títí di alẹ́, kò sì ní gbọ́ èyí láé. Ó dìde, ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Mo parọ́ fún yín, Màmá. Mi ò ní àwíjàre kankan. Ó dùn mí. Láti òní lọ, ibi tí mo bá ń lọ, ẹ ó mọ̀. Ohun tí a sì ń ṣe níbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn án."

Ó gbé ìgò lé ìyá lọ́wọ́. Ìyá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ wọn wò, ó sì mú ẹyọ kan jáde.

"Bọ́tìnnì egungun. Mo ti ra èyí kí a tó bí ọ." Ó yí i láàárín ìka. "Ohun tí ẹ fi ń ta á náà nìyí?"

"Òun náà ni, Mà," ni Fẹ̀sọ̀ dáhùn.

"Pín in."

"Màmá!" Ẹ̀gbọ́n fò dìde.

"Mo ní kó pín in. Ohun tó gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi, ó yẹ kí n rójú rẹ̀."

Fẹ̀sọ̀ yọ káàdì jáde lápò, ó sì pín in. Ìyá gbé káàdì méjì náà sún mọ́ ojú. "Méje. Méjì. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Ṣé ó dára?"

Ó-Ti-Yá mọ̀ ọ́n. Ọkàn rẹ̀ ń bẹ Fẹ̀sọ̀ pé kó fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, kí inú ìyá má bàa bàjẹ́. Fẹ̀sọ̀ wo ìyá lójú.

"Rárá, Mà. Nínú gbogbo méjì téèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó burú tó o. Ẹ jù ú."

"Kò tiẹ̀ lè gbìyànjú ẹ̀ wò ni?" ni àbúrò bàbá dá sí i.

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ì bá sọ gan-an nìyẹn," ni ìyá wí, ó sì ju káàdì sílẹ̀. "Òmíràn."

Mẹ́sàn-án àti mẹ́rin. Fẹ̀sọ̀ ní kó jù ú. Ayaba àti mẹ́ta. Kó jù ú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Bí eré náà ṣe rí nìyí? Kéèyàn máa jù ú ṣáá?"

"Ọ̀pọ̀ ìgbà, Mà, bó ṣe rí nìyẹn."

Ẹ̀rín náà dà bíi pé ó fẹ́ dúró, ó wá di ẹkún. Ó-Ti-Yá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un," ni ìyá ń wí. "Ó rò pé ẹni tó bá jù ú ti di ojo. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè jù ú, kó dìde, kó máa bọ̀ nílé."

Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó fi orí rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìyá nu ojú. Ó kọjú síbi tí ohùn Fẹ̀sọ̀ ti ń wá. "Ìwọ wò mí lójú, o sọ fún mi pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi ò dára. Gbogbo ọdún tí mo fi bá bàbá wọn gbé, kò sọ irú ẹ̀ fún mi rí." Ó dá bọ́tìnnì egungun náà padà sínú ìgò. "Ọ̀nà ọ̀fun ẹ á ti gbẹ. Ẹ bu omi wá fún un."

Kò sẹ́ni tó mira. Gbogbo wọn ló mọ irú omi tó ń wí.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ó-Ti-Yá, mo ní kí o bu omi wá fún ọkọ rẹ."

"Ó ti yá, Màmá," ló wí, ó sì ti ń sáré lọ. "Ó ti yá!"